Bí A Bá Pààrọ̀ Gbogbo Pákó Ọkọ̀



Ẹ̀yin tí ẹ mọ etí omi ìlú Port Harcourt wa yìí, yálà ní Creek Road níbi tí wọ́n ti ń wọkọ̀ lọ sí Bonny àti Nembe ni o, tàbí ní àwọn wátásáìdì mìíràn, ẹ ó ti rí àwọn káfíńtà tó ń tún ọkọ̀ onípákó ṣe. Wọ́n á fa ọkọ̀ náà gòkè, wọ́n á fi igi gbé e dúró, wọ́n á yọ pákó tó ti jẹrà, wọ́n á fi tuntun sí i, wọ́n á wá fi òwú àti ọ̀dà dí gbogbo ibi tí omi lè gbà wọlé. Lọ́jọ́ kan, mo dúró ti ọ̀kan nínú wọn, mo fi Pidgin bi í pé ta ló kan ọkọ̀ tó ń tún ṣe. Ó ní bàbá òun ni. Mo ní ṣé pákó tí bàbá rẹ̀ kàn ṣì wà lára rẹ̀? Ó wo ọkọ̀ náà, ó rẹ́rìn-ín, ó ní bóyá ló ku méjì tàbí mẹ́ta. Gbogbo ìyókù, òun fúnra òun ló ti pààrọ̀ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Síbẹ̀, kò ṣiyèméjì rárá: ọkọ̀ bàbá òun ni.

Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo bá tèmi lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà tẹ̀lé mi délé, nítorí pé ẹjọ́ kan wà níwájú mi nínú ìjọ nígbà náà tó jọ ọ̀rọ̀ ọkọ̀ yìí gan-an.

Ta ló jogún òkú?

Ọkùnrin kan wà tó ń gba àjọ lọ́wọ́ àwọn ìyá wa tó ń tajà ní Mile 1. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, ẹ̀yin náà ẹ má wádìí. Lọ́dún kan, nígbà tí Kérésì kù sí dẹ̀dẹ̀, tí àwọn ìyá ń retí owó wọn, ó kó gbogbo àjọ náà, ó sá lọ. Àwọn ọmọ kan wà tí wọn ò padà sílé ìwé ní oṣù kìn-ín-ní torí ẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá. Ọkùnrin yìí padà dé pẹ̀lú Bíbélì lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́: ó ti yí padà. Mo ṣọ́ ọ fún ìgbà pípẹ́, mi ò rí ẹ̀tàn nínú rẹ̀. Ó fi ọtí sílẹ̀, ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣiṣẹ́, òun ló sì máa ń kọ́kọ́ dé ìpàdé àdúrà. Nígbà tó yá, ó ní òun fẹ́ dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ akọrin. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Alàgbà kan bi í pé, "Owó àwọn ìyá ńkọ́?" Ó dáhùn pẹ̀lú ìfọkànbalẹ̀ pé ẹni tó kó owó yẹn ti kú. Ó tọ́ka sí 2 Kọ́ríńtì 5:17, níbi tí Pọ́ọ̀lù ti kọ́ wa pé ẹni tó bá wà nínú Kristi ti di ẹ̀dá tuntun.

Ẹ̀yin ará, èmi pásítọ̀ yín mi orí sí i. Mo tilẹ̀ lọ bá ọ̀kan nínú àwọn ìyá náà, ìyá àgbà kan tó ń ta èlùbọ́. Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sílẹ̀ fún Ọlọ́run. Ọkùnrin yẹn ti di ẹni tuntun." Màmá dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n wá ní, "Pásítọ̀, ẹ ṣeun. Ẹ ní ẹni tó kó owó mi ti kú. Kí Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún un. Ṣùgbọ́n ta ló jogún rẹ̀, kí n lè lọ gba owó mi lọ́wọ́ ẹni náà?"

Mi ò rí èsì fọ̀. Mo dúpẹ́, mo jáde.

Ẹ jẹ́ ká gbé ìbéèrè náà kalẹ̀ kó yé wa. Bí ẹni tí Kristi sọ di tuntun kì í bá ṣe ẹni àná mọ́, kí ló dé tí a ó fi ní kó san gbèsè àná? Bó bá sì jẹ́ ẹni àná náà ni, kí wá ni ẹ̀dá tuntun tí à ń wàásù rẹ̀ lórí pẹpẹ? Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti alájọ nìkan o. Ó kan ọkọ tó ti na ìyàwó rẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá kó tó ronú pìwà dà. Ó kan bàbá tó pa ọmọ tì, tó wá di díákónì lọ́jọ́ ogbó. Ó kan èmi, ó kan ẹ̀yin náà tí ẹ ń kà á.

Ọkọ̀ tó wà nínú pápá

Kì í ṣe òní ni aráyé ti ń bi ara wọn léèrè ọ̀rọ̀ yìí. Plutarch, òǹkọ̀wé àwọn Gíríìkì ayé àtijọ́, sọ pé àwọn ará Áténì tọ́jú ọkọ̀ akọni wọn kan tó ń jẹ́ Theseus. Bí pákó kan bá ti jẹrà, wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á fi tuntun rọ́pò rẹ̀, títí àwọn onímọ̀ fi ń jiyàn: àwọn kan ní ọkọ̀ kan náà ni, àwọn kan ní kì í ṣe òun mọ́. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ìrántí lásán nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká wo ti ẹni tó tún ọkọ̀ ṣe torí pé ó fẹ́ fi la òkun já, tó jẹ́ pé bí àtúnṣe náà kò bá dáa, ikú ni.

Orúkọ ọkùnrin náà ni Joshua Slocum. Kánádà ni wọ́n ti bí i lọ́dún 1844, ó sì di ọ̀gá atukọ̀ lórí àwọn ọkọ̀ onígbòkun, ìyẹn ọkọ̀ tí afẹ́fẹ́ ń tì. Lọ́dún 1887, ọkọ̀ rẹ̀ tó ń jẹ́ Aquidneck fọ́ ní etíkun Brazil. Nígbà tó fi máa padà sí Amẹ́ríkà, àwọn ọkọ̀ tó ń fi ooru omi gbígbóná ṣiṣẹ́ ti ń gba iṣẹ́ mọ́ àwọn onígbòkun lọ́wọ́. Ọ̀gá atukọ̀ di aláìríṣẹ́. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ń jẹ́ Eben Pierce, tó ti fìgbà kan jẹ́ ọ̀gá ọkọ̀ apẹja àbùùbùtán, wá sọ fún un pé òun máa fún un ní ọkọ̀ kan ní ìlú Fairhaven, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, pé ó kàn fẹ́ àtúnṣe díẹ̀ ni.

Àtúnṣe díẹ̀! Nígbà tí Slocum débẹ̀, inú pápá ló bá ọkọ̀ náà, wọ́n fi igi gbé e dúró, wọ́n fi aṣọ bò ó. Ó ti wà bẹ́ẹ̀ fún ọdún méje. Spray lorúkọ rẹ̀, ó sì ti gbó débi pé àwọn ará ìlú ò mọ ọjọ́ orí rẹ̀ mọ́. Nígbà tí wọ́n rí i tí Slocum gbé àáké, wọ́n rò pé ó fẹ́ tú u ká ni. Ó ní rárá, òun fẹ́ tún un kàn ni. Ìbéèrè tí wọ́n ń bi í léraléra ni pé, ṣé èrè máa wà níbẹ̀?

Àwọn baba wa ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Slocum gé igi óákù kan nítòsí, ó fi ṣe igi gbọọrọ ìsàlẹ̀ ọkọ̀, èyí tó dà bí egungun ẹ̀yìn fún un. Ó fi ooru omi gbígbóná rọ àwọn igi tí yóò jẹ́ egungun ìhà rẹ̀ kí wọ́n lè tẹ̀. Ó kan pákó igi páìnì mọ́ wọn lára, ó fi òwú dí àárín wọn. Bó ṣe ń yọ èyí tó jẹrà ló ń fi tuntun sí ipò rẹ̀. Oṣù 13 ló fi ṣe é, dọ́là 553 àti sẹ́ǹtì 62 ló sì ná lórí àwọn ohun èlò. Nígbà tó parí, ẹsẹ̀ bàtà 36 àti ínǹṣì 9 ni gígùn ọkọ̀ náà.

Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹrin ọdún 1895, ó wọ inú rẹ̀ ní Boston, òun nìkan ṣoṣo, ẹni ọdún 51. Ó gba ẹnu Òkun Gibraltar, ó gba Brazil, ó gba ìsàlẹ̀ Gúúsù Amẹ́ríkà níbi tí ìjì ti ń jà bí ogun, ó dé Samoa, ó dé Ọsirélíà, ó gba Gúúsù Áfíríkà, ó sì padà sí Amẹ́ríkà ní ọjọ́ 27 oṣù kẹfà ọdún 1898. Ó ju máìlì 46,000 lọ. Kò sẹ́ni tí a mọ̀ tó ti dá wakọ̀ yí gbogbo ayé ká ṣáájú rẹ̀. Èrè ti wà níbẹ̀, àbí kò sí?

Orúkọ àti gbèsè

Ibi tí mo ń lọ nìyí. Slocum náà bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè àwọn Gíríìkì. Nínú ìwé tó kọ lórí ìrìn àjò náà, èyí tó jáde lọ́dún 1900, ó ní àyípadà náà ṣẹlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ débi pé ẹnìkan ò lè tọ́ka sí ibi tí ti àtijọ́ parí sí. Ó wá rántí òfin àwọn adójútòfò ọkọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù: bí a bá tún ọkọ̀ kan ṣe lára ti àtijọ́ títí gbogbo ara rẹ̀ fi di tuntun, ọkọ̀ kan náà ni. Orúkọ rẹ̀ kò yí padà. Káfíńtà wa ní etí omi kò ka ìwé yẹn, ohun tó sọ sì nìyẹn.

Ẹ gbọ́ apá kejì òfin náà ná, torí pé ibẹ̀ ni èsì Màmá wà. Lábẹ́ òfin ọkọ̀ ojú omi, àwọn gbèsè kan wà tó máa ń lẹ̀ mọ́ ọkọ̀ fúnra rẹ̀: owó oṣù àwọn atukọ̀ tí a kò san, owó àwọn tó yọ ọkọ̀ náà nínú ewu, owó ohun tí ọkọ̀ náà bà jẹ́. Bí wọ́n bá tilẹ̀ tà á fún ẹlòmíràn lóòjọ́, gbèsè náà á tẹ̀ lé e lọ. Òfin Nàìjíríà gbà bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Ilé Ẹjọ́ Gíga ti Ìjọba Àpapọ̀ lè pàṣẹ pé kí wọ́n dá ọkọ̀ dúró ní èbúté nítorí rẹ̀. Ọ̀dà tuntun kò pa gbèsè rẹ́. Pákó tuntun kò pa gbèsè rẹ́. Bí o bá fẹ́ jẹ́ orúkọ ọkọ̀ náà, wà á gba ohun tó wà lọ́rùn orúkọ náà.

Ẹ jẹ́ ká wá yí i sí ọ̀rọ̀ ìgbàlà. Ká ní òtítọ́ ni ọkùnrin alájọ yẹn sọ, pé ẹni àná ti kú pátápátá, ẹlòmíràn ló wà níbí báyìí. Ta wá ni Jésù gbà là? Ẹni tó dẹ́ṣẹ̀ ti lọ, kò rí ìgbàlà kankan. Ẹni tó wà níbí kò dẹ́ṣẹ̀, kò nílò ìgbàlà. A jẹ́ pé Ọlọ́run ju ọkọ̀ tó jẹrà nù, ó lọ ra òmíràn. Ìyẹn kì í ṣe ìràpadà, pípààrọ̀ ọjà ni. Ayọ̀ wa ni pé èmi gan-an, èmi tí mo ṣe ohun tí mo ṣe, èmi náà ni ó wá inú pápá wá, tó gbé àáké, tí kò sì tú mi ká. Ẹni tó bá fẹ́ sọ pé "èmi ni Jésù gbà là" gbọ́dọ̀ lè sọ pẹ̀lú ẹnu kan náà pé "èmi ni mo kó owó náà."

Nítorí náà, nígbà tí Pọ́ọ̀lù ń sọ̀rọ̀ ẹ̀dá tuntun, kò sọ pé ìwé gbèsè ti jóná. Ẹ wo Jákọ́bù. Ní Jẹ́nẹ́sísì 32, ó bá áńgẹ́lì jìjàkadì, ó gba orúkọ tuntun. Ní orí 33, nígbà tí Ísírẹ́lì tuntun náà rí Ísọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, kò sọ pé, "Jákọ́bù tó rẹ́ ọ jẹ ti kú o." Ó tiro lọ bá a, ó dọ̀bálẹ̀ lẹ́ẹ̀méje, ó sì rọ̀ ọ́ títí ó fi gba ẹ̀bùn rẹ̀, ẹran tó ju 500 lọ. Ẹ wo Sákéù: ọjọ́ tí ìgbàlà wọ ilé rẹ̀ gan-an ló dìde dúró, tó ní òun máa san ìlọ́po mẹ́rin. Ẹ wo Onésímù: Pọ́ọ̀lù kò fi í pa mọ́ sí Róòmù nítorí pé ó ti di arákùnrin. Ó dá a padà sí ọ̀dọ̀ Fílémónì, ó sì kọ lẹ́tà pé bó bá jẹ ẹ́ ní gbèsè, kí Fílémónì kọ ọ́ sí òun lọ́rùn. Ẹ ṣàkíyèsí ìyẹn dáadáa. Àpọ́sítélì kò sọ pé gbèsè kò sí. Ó ní òun ni kí wọ́n wá bá. Èmi, ẹ̀wẹ̀, owó Màmá ni mo ń fi ṣàánú.

Ọlọ́run lè dárí ẹ̀ṣẹ̀ tí a ṣẹ̀ sí i jì wá lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n kò ní kí pásítọ̀ lọ máa bá ìyá ẹlẹ́lùbọ́ fọwọ́ sí rìsíìtì owó tí kò tíì gbà. Bí Màmá bá fẹ́ fi owó náà sílẹ̀, ọwọ́ Màmá ló wà. Bí ẹni tó jẹ gbèsè kò bá ní agbára láti san án, kó lọ sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó jẹ, lójúkojú, pẹ̀lú ìrẹ̀lẹ̀. Ohun tí kò tọ́ ni kí á fi ẹsẹ Bíbélì dí ihò tí pákó ló yẹ kó wà níbẹ̀. Ọ̀dà lè bo pákó tó jẹrà mọ́lẹ̀ ní etí omi, ṣùgbọ́n tí ẹ bá dé àárín omi, ẹ ó mọ̀. Ẹni yá ẹgbẹ̀fà tí kò san án, ó bẹ́gi dínà ẹgbẹ̀je.

Ọkọ̀ kì í ṣe ti orí ilẹ̀

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ti ń mi orí báyìí, tí ẹ ń sọ nínú ọkàn yín pé, "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Kó jókòó sẹ́yìn títí láé." Ẹ dúró o. Ọ̀rọ̀ yìí ní apá kejì, ẹ̀yin ló sì kàn.

Lọ́dún 1966, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Francis Chichester, dá wa ọkọ̀ onígi kan tó ń jẹ́ Gipsy Moth IV yí ayé ká. Ó kúrò ní Plymouth ní oṣù kẹjọ ọdún yẹn, Sydney nìkan ló ti dúró, ó sì padà dé Plymouth ní ọjọ́ 28 oṣù karùn-ún ọdún 1967. Ọbabìnrin fi oyè dá a lọ́lá. Kí ni wọ́n wá fi ọkọ̀ náà ṣe? Wọ́n gbé e sórí ilẹ̀ gbígbẹ ní Greenwich, ní Lọ́ńdọ̀nù, kí àwọn èèyàn lè máa wò ó. Ó wà níbẹ̀ fún ọdún tó lé ní 30, ibẹ̀ ló sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà. Iyọ̀ inú omi òkun máa ń dáàbò bo igi, ṣùgbọ́n bí omi òjò bá dúró sínú igi, ibẹ̀ ni olú tó ń jẹ ẹ́ ti ń hù. Ọkọ̀ tí òkun ò lè pa, ìjókòó ló fẹ́ pa á.

Nígbà tó yá, ilé ẹ̀kọ́ ìwakọ̀ ojú omi kan rà á ní pọ́n-ùn 1 péré. Wọ́n tún un ṣe, wọ́n dá a padà sómi lọ́dún 2005, wọ́n sì kó àwọn ọ̀dọ́ sínú rẹ̀ láti tún yí ayé ká, títí kan àwọn tí ayé ò rojú rere sí. Ní oṣù kẹrin ọdún 2006, ó gun òkúta lórí ní erékùṣù Rangiroa ní Òkun Pàsífíìkì, ihò ńlá dá sí i lára. Ṣé wọ́n wá gbé e padà sórí ilẹ̀ ni? Rárá o. Wọ́n fà á kúrò, wọ́n gbé e lọ sí Auckland ní New Zealand, wọ́n tún un kàn, ó sì ń bá ìrìn àjò lọ. Ọjọ́ 28 oṣù karùn-ún ọdún 2007 ló padà wọ Plymouth, ogójì ọdún géérégé lẹ́yìn ti àkọ́kọ́. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i.

Ẹ̀yin ìjọ, ẹni tó bá jẹ́wọ́ orúkọ rẹ̀, tó jẹ́wọ́ gbèsè rẹ̀, tó sì ń san án, ẹ má fi ṣe ohun ìrántí. Ẹ má gbé e sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì kí á lè máa fi í kọ́ àwọn ọmọdé pé ẹ má dà bíi lágbájá. Kò sẹ́ni tó ń tún ọkọ̀ ṣe kó lè gbé e sínú pápá. Bí a bá ní kó san gbèsè, tí a kò sì jẹ́ kó wọ omi láé, a jẹ́ pé ìyà rẹ̀ là ń wá, kì í ṣe àtúnṣe rẹ̀.

Bó ṣe rí lónìí

Mo padà lọ bá Màmá, mo dọ̀bálẹ̀, mo tọrọ àforíjì. Mo ní ohun tí mo wá sọ níjọ́sí kì í ṣe ìyìn rere. Lẹ́yìn náà ni mo pe ọkùnrin náà, mo sì sọ gbogbo ohun tí mo kọ síbí fún un. Ó bínú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni kò fi wá sí ìjọ, mo rò pé mo ti pàdánù rẹ̀. Nígbà tó padà dé, ó mú ìwé pélébé kan dání, ó ti kọ orúkọ àwọn ìyá náà sí i, gbogbo wọn, pẹ̀lú iye tó jẹ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ó ti mọ̀ ọ́n látọjọ́ yìí. Ó bú sẹ́kún, ó ní, "Pásítọ̀, mi ò gbàgbé ẹyọ kan rí."

Ó ti ń san án díẹ̀díẹ̀. Ìjọ dá díẹ̀ sí i, èmi náà dá tèmi, torí pé mo ti rántí lẹ́tà Pọ́ọ̀lù. Kò tíì san án tán o. Ìyá méjì ti kú kó tó kàn wọ́n. Àwọn ọmọ wọn ló ń gbà á. Mi ò ní parọ́ fún yín pé Màmá ẹlẹ́lùbọ́ ti gbá a mọ́ra. Wọ́n ń gba owó wọn, wọ́n ń kà á lójú rẹ̀, wọ́n á ní, "Ó pé." Ìyẹn náà ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Àìkú tó kọ́kọ́ dúró láàárín ẹgbẹ́ akọrin, Màmá ò jáde.

Nígbà tí Slocum parí ìrìn àjò rẹ̀, ó ku ohun kan tó fẹ́ ṣe. Ó tún wa Spray lọ sí Fairhaven, ó sì so ó mọ́ òpó igi kan ní etí bèbè, òpó tí wọ́n so ó mọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ tì í sómi. Ọkọ̀ náà ti yí ayé ká, ó padà síbi tí wọ́n ti mọ orúkọ rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ta ni ìwọ̀nyí dúró ní Mile 1 tiyín, tó ń bi Ọlọ́run pé ta ló jogún yín? Ẹ má dúró dìgbà tí mo bá wá bá yín. Ẹ lọ bá a lọ́sẹ̀ yìí.

Kí Olúwa tó ń tún wa kàn má ṣe fi wá sílẹ̀ láàbọ̀. Àmín.